Kọ́mú Tí Kò Kan Egungun

Ojú aránṣọ ilé ìwòsàn àti ọmọbìnrin kan ṣe mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdúródè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń du àga mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe nọ́ńbà ọmọbìnrin náà ni. Aránṣọ ń bọ̀ wá mú un, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Wọn ò mọ ara wọn rí. Síbẹ̀ ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Iṣẹ́ aránṣọ náà ni kí ó máa rán kọ́mú tí àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti mú ọmú wọn tóbi máa ń wọ̀ títí ojú egbò á fi jinná. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ìgbéyàwó wọn ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀yin ni ìyàwó Dókítà, àbí?" ọmọbìnrin náà bi í bí aránṣọ ṣe ń wọ̀n ọ́n nínú yàrá ìránṣọ. "Wọ́n ní ọwọ́ yín dáa."

"Kí lo ní kí wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Kí méjèèjì súnmọ́ra ni o! Tèmi jìnnà síra bí orogún tó ń jà. Dókítà ní kò le rárá."

Aránṣọ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn dókítà mìíràn a máa fi ẹran àyà sílẹ̀ níbi tó ti so mọ́ egungun, wọn a fi àlàfo ìka méjì sáàárín, wọn a sì fa ọ̀rá díẹ̀ láti ikùn kún un. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń gé ẹran náà kúrò lára egungun, kí àpò sílíkónì méjèèjì tó ń fi sínú ọmú lè fara kanra. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń wuni wò.

Kọ́mú ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Àárín kọ́mú gbọ́dọ̀ fara ti egungun àyà. Lára olùkọ́ kan tó padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò kàn án mọ́. Ọmú méjì ti di ẹyọ kan, awọ nà láàárín wọn bí àgọ́. Aránṣọ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò bá egungun. Obìnrin náà ò sunkún. Lẹ́tà kan ló mú jáde.

"Dókítà ò dá mi lóhùn, Àǹtí. Ẹ bá mi fún ẹni tó bá kàn láti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi."

Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà ọ̀hún wà nínú àpótí òwú. Obìnrin méjì ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà láìkà á.

Dókítà wọlé, bírò lọ́wọ́. "Ìfẹ́ mi, ṣé o ti wọ̀n ọ́n tán?" Ó fa ìlà méjì sí àyà ọmọbìnrin náà, ìka kan ò lè gba àárín wọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí aránṣọ, ó wo àyà tirẹ̀ náà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú kúrò.

"Tá a bá ti ṣègbéyàwó tán, màá tún tìẹ ṣe. Ẹ̀bùn mi nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọmọ yìí."

Ó jáde, ilẹ̀kùn sì padé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Aránṣọ ṣí àpótí òwú, ó na lẹ́tà náà sí ọmọbìnrin náà.

"Kí lèyí, Àǹtí?"

"Kà á kó o tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

Aránṣọ ṣì di etí lẹ́tà náà mú díẹ̀, bí ẹni tó di ọwọ́ olólùfẹ́ mú níbùdókọ̀. Ìgbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ló tó mọ̀ pé kì í ṣe pípàdánù ọkùnrin náà ló ń bà á lẹ́rù. Ọkùnrin náà gan-an ló ń bà á lẹ́rù.