Ìṣẹ́tí Aṣọ Ìgboyè

Ọjọ́ méje gbáko ni aṣọ ìgboyè náà fi kọ́ sára ògiri yàrá ìránṣọ Abẹ́rẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń wò ó bí ẹni ń wo olè tó wọlé tó tún fẹ̀yìn ti àga.

Aṣọ dúdú ni, ó gùn, apá rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọmọ ìkókó lè sùn sínú rẹ̀. Tí atẹ́gùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, á gbé apá kan sókè díẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí ènìyàn. Abẹ́rẹ́ kì í dá a lóhùn.

Télọ̀ ni Abẹ́rẹ́. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ náà nítorí pé ó tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì tún mú ju ọwọ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló fẹ́ wọ aṣọ náà. Tíṣà ni gbogbo ilé ń pe ìyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tó máa ń to àga sílẹ̀ tí á máa bá wọn wí pé wọn ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní báyìí ó ti di tíṣà tòótọ́. Ọdún mẹ́rin ló lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó yege, ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí lọ́jọ́ tó gbé aṣọ náà wá.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká a sókè," ó ní. "Ó ń gbálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kàn án o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ín, Mọ́ńdè ni mo máa dá a padà."

"Dúró kí n wọ̀n ọ́."

"Ẹ wọ̀n mí kẹ̀? Láti ìgbà wo?" Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fi ara yín wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí, a fẹ́ lọ ya fọ́tò."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn. Láti ìgbà tí Tíṣà ti bàlágà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ga bákan náà, tí èjìká wọn fẹ̀ bákan náà. Abẹ́rẹ́ kì í fa téèpù sí i lára. Á gbé aṣọ àbúrò rẹ̀ wọ̀ fúnra rẹ̀, á fi pín-ìnì mú un níbi tó bá ti bá òun mu, ó parí. Kò sí aṣọ ilé ìwé tí Tíṣà wọ̀ rí tí kò kọ́kọ́ gba ara Abẹ́rẹ́ kọjá.

Ìyá wọn, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà rọrùn. Kò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà tí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ń gun àjà ilé.

"Tíṣà mi o, ọmọ tó fi ṣọ́ọ̀kì ṣílẹ̀kùn ọlá! Ìwé ò mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ, ìwọ lo fà á lọ́wọ́ wọlé. Àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa! Ẹni àkọ́kọ́ tó yege, ẹni àkọ́kọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì pè! Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á bá ọ parí rẹ̀."

"Àmín, Màmá," ni Abẹ́rẹ́ máa ń dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ, pín-ìnì mẹ́rin sì wà láàárín ètè rẹ̀.

Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, lábẹ́ àwọn bọ́bìnì òwú, ni lẹ́tà kan wà. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ló kọ ọ́, orúkọ Abẹ́rẹ́ ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ní ó yege, kó máa bọ̀. Ọdún yẹn ni bàbá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sì dìde mọ́. Màmá ní kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ láàárín ìgbà náà, ọdún tó ń bọ̀ sì ń bọ̀ títí di òní.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ ló ń dun Abẹ́rẹ́ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn ènìyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń ta á lára bí ẹ̀gún tó wọ àtẹ́lẹwọ́: àkọ́kọ́. Òun ló kọ́kọ́ yege. Ó fẹ́ kí ẹnìkan sọ ọ́ jáde, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí etí gbé pé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó dà bíi pé ilé náà fọwọ́ pa á rẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa pátákó ìkọ̀wé rẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé aṣọ ìgboyè wọ̀. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fi pín-ìnì sí i. Ó dúró níwájú dígí ńlá, ó gbé fìlà onígun mẹ́rin tó bá aṣọ náà wá lé orí, ó sì wò. Ẹni tó rí nínú dígí yẹn kì í ṣe télọ̀. Ó ká téèpù bí ìwé ẹ̀rí, ó di í mú, ó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìdí ẹ̀rọ dé ìdí tábìlì ìlọṣọ, ó sì tẹríba fún tábìlì náà. Lójú rẹ̀, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Omi lé róró lójú rẹ̀, inú sì bí i sí omi náà.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi pín-ìnì mú aṣọ náà níbi tó ti bá òun mu, ní agbede-méjì ojúgun, ó fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí rẹ̀ ní ìránkéékèèké, ó ta omi sí i, ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ìlà rẹ̀ fi mú ṣáṣá.

Ohun kan wà tí ojú rẹ̀ ti rí tí kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ tí Tíṣà dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí rẹ̀ kan ọ̀pá aṣọ ilẹ̀kùn tí kì í kan tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ilé kún. Màmá ti múra. Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ Tíṣà tí wọ́n jọ fẹ́ gboyè, ti wọ aṣọ tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Bíríkìlà, aládùúgbò wọn tó ní mọ́tò, ń fọn fèrè mọ́tò níta. Tíṣà wọ bàtà gogoro rẹ̀, ó gbé aṣọ ìgboyè wọ̀, ó sì jáde sí pálọ̀.

Abẹ́ orúnkún ni aṣọ náà dúró sí.

"Yéè!" Ẹlẹ́rìn-ín di ikùn mú. "Tíṣà, ìwé ẹ̀rí lo fẹ́ lọ gbà ni àbí bọ́ọ̀lù lo fẹ́ lọ gbá?"

Ohun tó kọ́kọ́ gba ọkàn Abẹ́rẹ́ kọjá, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n: adùn ni. Adùn kékeré, bíi ṣúgà tó yọ́ lórí ahọ́n. Kí ó tó gbé e mì, ó ti korò.

"Abẹ́rẹ́!" Màmá káwọ́ lérí. "Ìwọ tọ́wọ́ rẹ kì í ṣì! Lónìí tí gbogbo ayé fẹ́ wo ọmọ mi!"

Tíṣà kò pariwo. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí, ara yín lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Ìwọ lo ní kí n fi ara mi wọ̀n ọ́n."

"Èmi ni lóòótọ́," ni Tíṣà wí pẹ̀lẹ́. "Mo gbàgbé pé mo ti ga sí i."

Ó bọ́ aṣọ náà, ó nà án sí i. Abẹ́rẹ́ gbà á, ó sáré wọ yàrá ìránṣọ. Nítorí pé kò fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ, ó ṣeé tú. Ṣùgbọ́n ìránkéékèèké tó ń fi yangàn ló wá di ọ̀tá rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó fi ẹnu abẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ń ro ó, fèrè mọ́tò ń dún níta, ohùn Màmá sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé: "Àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa, má mikàn o, wọ́n á dúró dè ọ́!"

"Olúwa," ni Abẹ́rẹ́ ń gbà ládùúrà sí ẹnu abẹ, "má jẹ́ kí wọ́n rí inú mi. Jẹ́ kí aṣọ yìí gùn. Jẹ́ kí ó gùn, má sì jẹ́ kí wọ́n bi mí ní nǹkan kan."

Ó ká a sókè ní ìwọ̀n ìka méjì péré, ó fi ẹ̀rọ rán an gbàrà. Ó fi ọtí kíkan àti omi nu ìlà áyọ́ọ̀nù ti tẹ́lẹ̀, ó tún un lọ̀. Aṣọ náà gùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò parẹ́ tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i, fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, níbi tí gíga ẹ̀gbọ́n parí sí.

Nínú gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n jókòó sí ìlà kẹtàdínlógún. Nígbà tí wọ́n pe Tíṣà, Màmá fò sókè bí ọmọdé, Bọ̀dá Bíríkìlà súfèé. Abẹ́rẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ta á, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kò pàtẹ́wọ́. Tíṣà rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gba ìwé, ó tẹríba. Gẹ́gẹ́ bí Abẹ́rẹ́ ṣe tẹríba gan-an ni. Nínú gbogbo èrò yẹn, òun nìkan ló ń wo ìṣẹ́tí aṣọ.

Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n to àga sí iwájú ilé. Kéèkì wà, ohun mímu tútù wà, ọ̀rẹ́ Tíṣà mẹ́fà wà, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Màmá náà wá. Tíṣà ṣì wọ aṣọ ìgboyè, olúkúlùkù ń fẹ́ bá a ya fọ́tò. Abẹ́rẹ́ ń gé kéèkì. Ó ń gé e bí ẹni ń gé aṣọ, gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Bọ̀dá Bíríkìlà gbé ife rẹ̀ sókè. "Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Mo ní ìbéèrè kan. Ènìyàn mélòó ló gboyè nílé yìí?"

"Ẹyọ kan!" ni Màmá wí. "Ẹyọ kan bí òṣùpá!"

"Irọ́ ni, Màmá. Lọ́jọ́bọ̀, mo wà lórí àkàbà, mò ń rẹ́ ògiri ilé kejì. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí Abẹ́rẹ́ nínú aṣọ yìí, ó dé fìlà, ó ń tẹríba fún tábìlì ìlọṣọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Abẹ́rẹ́, èwo ni tábìlì fún ọ, ìwé ẹ̀rí ni àbí àwọ̀tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ subú lórí àga. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ gé sáàárín, ó sì tẹjú mọ́ ife ọwọ́ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò sáré. Ó rìn wọ yàrá ìránṣọ, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó kọjú sí ògiri tó ti ṣófo.

Kò pẹ́ tí Tíṣà fi wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Àǹtí, ẹ má dá Bọ̀dá lóhùn, ẹnu wọn ni kò ní ìjánu."

"Ó rí ohun tó rí." Abẹ́rẹ́ kò yíjú padà. "Tíṣà, mo rí i pé orí rẹ ti kan ọ̀pá aṣọ ilẹ̀kùn. Mo rí i lọ́jọ́ tó o dé. Mo sì fi ara mi wọn aṣọ rẹ."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"N kò mọ̀. Mo ti ń bi ara mi láti àárọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó dúró sí abẹ́ orúnkún rẹ, ó dùn mọ́ mi. Mo ń jowú rẹ. Ó ti pẹ́."

Tíṣà jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé itan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo mọ̀ nípa lẹ́tà inú dúrọ́ọ̀ yẹn. Mo rí i lọ́dún tí mo fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bọ́bìnì ni mò ń wá."

Abẹ́rẹ́ yíjú padà wàyí. "Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin lo fi ń gbọ́ tí Màmá ń kì ọ́ ní ohun tí kì í ṣe tìrẹ, o sì ń ṣe àmín?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀yin ló kàn, kí èmi ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Lẹ́yìn náà, ó wá ń dùn mọ́ èmi náà pé kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ bínú, ìbínú náà sì wà nílẹ̀, ó tó bù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, ó mọ bí ó ṣe ń rí lórí ahọ́n. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó ti àwọn bọ́bìnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú lẹ́tà náà. Ojú ìṣẹ́po rẹ̀ ti fẹ́ já.

Níta, ohùn Màmá tún ti gbéra: "Tíṣà mi dà? Ẹ pè é wá, fọ́tò ìdílé ló kù! Àkọ́kọ́ mi, ẹni àkọ́kọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì pè, máa bọ̀ o!"

Abẹ́rẹ́ na lẹ́tà náà sí àbúrò rẹ̀.

"Mú un jáde," ó ní. "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Màmá níwájú gbogbo wọn pé èmi ni mo kọ́kọ́ yege."