Ìràwọ̀ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé, nítorí mo mọ ẹni tí ojú ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni mo fẹ́ sọ, ìbínú tèmi. Ẹ má wulẹ̀ bá mi bo àṣírí. Èmi fúnra mi ni mo ń tú u.

Ìyá mi ni ojú ń fi sílẹ̀. Ìkùukùu funfun kan bo ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó sì ti ń yọ́ wọ ti òsì. Ó tó ọdún kan tí kò ti lè ka Bíbélì rẹ̀ mọ́. Orin tó bá mọ̀ lórí nìkan ló ń kọ. Bó bá dé ẹsẹ kẹta tí kò rántí mọ́, á máa fi imú kùn ún lọ. Ilé ìwòsàn ojú kan wà tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ogójì èèyàn péré ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba orúkọ, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan sì ni wọ́n máa ṣí i. Fóònù tèmi, olóbọ́tìnì ni, kò mọ̀ ju kó pe èèyàn lọ. Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ni mo gbójú lé.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì tí àwọn onílẹ̀ ti ń forúkọ ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Búráúsà méjì, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa, ògbólógbòó kan àti tuntun kan. Ojú ewé mẹ́rin tí a ń kọ ìwé ilẹ̀ sí kì í ṣí àfi nínú ògbólógbòó. Gbogbo nǹkan yòókù láyé, tuntun ni wọ́n fẹ́. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni a ń da àdírẹ́sì kọ láti inú èyí sínú ìyẹn, títí ọrùn fi ń dùn wá. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa fi wá àfikún kékeré kan so mọ́ búráúsà tuntun. Bàbá Wáyà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ àfikún náà kò ju ẹyọ kan lọ: bí o bá ṣí ojú ewé tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, á gbé ọ lọ sínú ògbólógbòó fúnra rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n kọ àdírẹ́sì ìwé ilẹ̀ wa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sínú àpótí tó wà lórí rẹ̀. Mo kọ fọ́ọ̀mù náà kíá, mo fún un, mo bá tèmi lọ.

Aago mẹ́wàá lù lọ́jọ́ kejì. Mo ṣí ojú ewé ilé ìwòsàn nínú búráúsà tuntun. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé mi sínú ògbólógbòó. Fọ́ọ̀mù jáde lóòótọ́. Mo kọ orúkọ Màmá, mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀, mo so lẹ́tà dókítà mọ́ ọn. Mo wá bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́ títí. Kò sí. Ibi tó yẹ kó wà funfun bí ojú Màmá.

Mo padà sínú tuntun. Ó tún gbé mi lọ. Mo padà. Ó gbé mi. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan di apá mi mú, tó ń tì mí jáde nínú ilé tí wọ́n pè mí sí.

"Ta ló ń ṣe irú èyí?" ni mo pariwo.

Akọ̀wé kejì, obìnrin tó jókòó tì mí, ní tòun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Mo ní kí n wo bóyá òjò máa rọ̀, ó gbé mi lọ sínú ògbólógbòó. Tí mo bá bọ́ síta báyìí, àfàìmọ̀ kó má gbé mi padà sí ọdún tí wọ́n bí mi."

Òun ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Wáyà nìkan ló lè pa àfikún náà, inú àjà ló sì wà, ó ń fa wáyà. A pè é, a tún pè é. Aago mẹ́wàá ti fi ogójì ìṣẹ́jú kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀, eruku funfun lórí irùngbọ̀n tó ti hewú tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ, ẹnu kan náà tó kọrin ìyìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ta ló rán ọ níṣẹ́ tó ò mọ̀? Wáyà kún ọrùn ẹ, kò sí ẹyọ kan nínú agbárí ẹ! Ṣé ìwọ lo fẹ́ fọ́ ìyá mi lójú ni?"

Àwọn oníbàárà tó wà lórí àga ń na ọrùn. Ọkùnrin tó ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ ni mo ń pè ní ìwọ.

Ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, ó ṣí àkọsílẹ̀ àfikún náà. Kò sí àdírẹ́sì kankan níbẹ̀. Àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo (*) ló wà níbẹ̀.

"Ìràwọ̀ túmọ̀ sí gbogbo rẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ojú ewé yòówù tó bá wà láyé."

"Ta ló wá ní kó o fi ìràwọ̀ síbẹ̀?"

Ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ìràwọ̀ náà rèé nínú àpótí, yíǹkì búlúù tèmi ni. Ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀.

"Mo bi yín lánàá, Akọ̀wé. Mo ní ṣé ó dá yín lójú. Ẹ ní kí n kàn ṣe é jàre, pé ta ló ráyè kọ àdírẹ́sì gígùn mẹ́rin."

Òtítọ́ ló sọ. Mo ti gbọ́ níbì kan pé ìràwọ̀ lè dúró fún ọ̀rọ̀ tó bá gùn, ọ̀lẹ sì fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá.

Ó pa ìràwọ̀ náà rẹ́. Mo sáré ṣí ojú ewé ilé ìwòsàn. Ó dúró sínú búráúsà tuntun, bọ́tìnì sì yọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan ló jáde: Ààyè ti kún. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ṣé mo bẹ̀ ẹ́? Rárá o. Ńṣe ni inú tún bí mi sí i, nítorí kò sí ẹlòmíì tí mo lè bínú sí mọ́. Mo ní, "Ó yẹ kó o kọ̀ fún mi ni!" Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo gbé báàgì mi, mi ò kí ẹnikẹ́ni.

Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó gbẹ, ó ń fi ọwọ́ wá etí wọn.

"Wọ́n ti kọ orúkọ mi?"

"Ó ti kún, Màmá."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, kò ku nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni mo rò pé yóò bá mi wí lé lórí. Kò tiẹ̀ yà síbẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn á tó ọmọ ọdún mélòó?"

"Á tó ọgọ́ta."

"O wá ń pè é ní ìwọ."

"Inú ń bí mi, Màmá."

Ó ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti kékeré mi, mi ò rí i kó ju nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Inú ń bí ọ! Èmi tí ojú ń kú mọ́ lórí, ta ni mo ti bú? Ojú mi lè dúró oṣù mẹ́ta, ó ti dúró ọdún kan. Ọ̀rọ̀ tó o sọ sí àgbàlagbà yẹn ni kò lè dúró kí oòrùn wọ̀. Pè é."

"Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá—"

"Ṣé ọjọ́ Ajé ni mo sọ? Fóònù ẹ kò mọ̀ ju kó pe èèyàn lọ, àbí? Jẹ́ kó pè é."

Mo pè é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo kọ ìràwọ̀, èmi náà ni mo tún bú yín."

Ó ní, "Inú ń bí mi sí yín, Akọ̀wé. Kò ní tíì tán lọ́jọ́ Ajé."

Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Ẹ bínú dáadáa, bàbá. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣí sára ògiri, torí ọmọ tèmi yìí, ìràwọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ."

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ àdírẹ́sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Bàbá Wáyà dúró lé mi lórí, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ẹ ka ìkẹta sí mi létí," ló ní. Mo kà á. Lẹ́yìn náà ló mú lẹ́ẹ̀dì, ó kọ ọjọ́ náà sára ògiri lókè kọ̀ǹpútà mi, ó sì fi ìlà sí i nídìí ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ yín ti ilẹ̀kùn tí ẹ̀ ń gbàdúrà kó ṣí. Kí ó fi ìjánu sí ahọ́n yín lọ́jọ́ ìbínú, kí ojú yín sì mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi kọ ẹsẹ tó kẹ́yìn nínú orin yín. Àmín.