Ọwọ́ Màmá Àgbà Ń Ta Mí

"Yéè!"

Iná kékeré ló kọ yẹ̀rì láti orí ìka Raili, tó ta ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ létí. Senni figbe ta, ó sáré lọ di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

"Ọwọ́ Màmá Àgbà ń ta mí! Mi ò fẹ́ mọ́!"

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi àtàtà." Raili fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ọmọ tó fẹ́ gbé mọ́ra ló ń sá fún un yìí, ó sì dùn ún wọra.

Lorna, ọmọ Raili tó bí Senni, ti ń wọ bàtà yìnyín. "Ẹ má dá a lóhùn, màmá. Tó bá di ìgbà ooru, á gbàgbé."

"Ìgbà ooru kẹ̀? Nínú oṣù kìíní tá a wà yìí? Kó tó dìgbà náà, sísá fún mi á ti mọ́ ọn lára!"

Láti oṣù kọkànlá ni wàhálà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Tí òtútù Thunder Bay ní Kánádà bá ti le, tí ẹ̀rọ amúlé-gbóná ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, inú ilé á gbẹ táútáú. Ètè á là, kápẹ́ẹ̀tì á máa kó iná sí èèyàn lára, ológbò pàápàá kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ pa òun lórí. Ológbò ò jọ Raili lójú. Sọ́ńdè-Sọ́ńdè ni Lorna ń gbé Senni wá, Sọ́ńdè mẹ́sàn-án gbáko sì ni Raili ti fi ń juwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè, bí ẹni tó ń sin àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣé ayé nìyẹn?

Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ tán, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Taisto, ẹ̀rọ ọ̀rinrin ni mo fẹ́. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná, táá máa fi omi sínú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé. Kí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ sì tó pé."

Taisto ń ki búrẹ́dì bọ kọfí. "Ẹ̀rọ kẹ̀? Pẹ̀lú sáúnà, yàrá ooru tá a ní lábẹ́ ilé? Jẹ́ n dáná sí i, ká ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ooru omi máa gòkè bọ̀."

"A ṣe é lóṣù tó kọjá. Wákàtí kan péré, ilé tún gbẹ. Taisto, mi ò bẹ̀ ọ́ o. Mo ń sọ fún ọ ni."

Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí wọ́n ti fẹ́ra, Taisto mọ ohùn yẹn dáadáa. Ó mu kọfí rẹ̀.

Veikko, ẹ̀gbọ́n Raili, ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń to ẹ̀rọ amúlé-gbóná kiri ìlú kó tó fẹ̀yìntì, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìntì. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní oríṣi mẹ́ta ló wà.

"Èkíní ń se omi fúnra rẹ̀ títí omi á fi di ooru..."

"Ìyẹn ni! Ìyẹn ni ká rà!" Taisto ti dìde dúró.

"Jókòó, àna mi. Ilé ńlá ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, iná tó ń jẹ kì í ṣe kékeré. Èkejì ní fáànù tirẹ̀, ariwo ẹ̀ ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹ̀kẹta ò ní ju kànìnkànìn kan tí omi ń kán sí lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba inú ẹ̀ kọjá, á gbé omi dání lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pààrọ̀ kànìnkànìn. Ó tán."

"Kànìnkànìn? Ṣé abọ́ la fẹ́ fọ̀ ni?"

"Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́," ni Raili wí. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Sátidé ni wọ́n to ó. Taisto fàáké kọ́rí pé nínú ilé tòun, òun lòun máa gé páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà.

"Gé e nígbà náà," ni Veikko wí. "Mo ti ka ìka ẹ o. Mẹ́wàá ni."

Ihò tí Taisto gé wọ́ díẹ̀, Veikko fi téèpù bò ó láìwí nǹkan kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fa páìpù omi dé ibẹ̀, wọ́n fi rọ́bà darí omi tó bá ṣẹ́kù síbi tí omi ilẹ̀ ń ṣàn gbà. Raili dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán tó, tó, tó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra. Iná ta àwọn méjèèjì.

"Ó dọ̀la kí ọ̀rinrin tó kárí ilé," ni Veikko wí, ó ń fọwọ́ ra imú rẹ̀.

Kó tó lọ, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gàdàgbà sára páànù pé: Bí òtútù bá le, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn gan-an ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yan ìwọ̀n ọ̀rinrin wà. Taisto wò ó títí. Láti kékeré ló ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná inú sáúnà. Bàbá rẹ̀ dà á, bàbá bàbá rẹ̀ dà á ní Finland, kò sì sẹ́ni tó pariwo rí pé ooru omi ti pọ̀ jù. Ó yí bọ́tìnnì náà dé òpin.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, òtútù ìta ti kọjá ọgbọ̀n lábẹ́ òdo, gbogbo fèrèsé sì ń sunkún. Omi ń ṣàn lára gíláàsì, ó ń di yìnyín nísàlẹ̀. Taisto ń fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún láti yàrá dé yàrá, kò jẹ́ kí ojú òun àti ti ìyàwó rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

"Taisto, iye wo lo fi sí?"

"Ó... ó gòkè díẹ̀."

Ọkọ̀ Lorna dún níta. Raili sáré sídìí ilẹ̀kùn, ó fà á. Ilẹ̀kùn kò mì. Yìnyín ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ férémù láti òkè délẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Igi ìdáná sáúnà tí Taisto tò síbẹ̀ láti oṣù kẹwàá ti dí i pa.

"Mo sọ̀rọ̀ igi yẹn, mo sọ ọ́ títí!"

"Màmá!" Lorna ń kanlẹ̀kùn. "Kí ló dé? Òtútù ń pa wá o!"

"Yìnyín ti tì wá mọ́lé! Bàbá ẹ ni!"

Taisto fi ẹ̀rọ tí Raili fi ń gbẹ irun dojú kọ ilẹ̀kùn, ó ń fi èdè Finland bú ara rẹ̀. Raili fi èékánná ha yìnyín kúrò lára gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn títí ihò kékeré kan fi là. Ojú Senni yọ níbẹ̀.

"Màmá Àgbà, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi tì yín mọ́lé?"

"Èmi kọ́. Bàbá Àgbà ló ṣẹ̀."

Ilẹ̀kùn já gbàù, Taisto fìdí jókòó. Senni wọlé, ó dúró sórí ẹní ìnusẹ̀, kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Raili wo ìka ara rẹ̀. Bí ọwọ́ òun bá tún ta ọmọ yìí lónìí, ó parí nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Senni na ọmọláńgidi rẹ̀ síwájú. "Ẹ fọwọ́ kàn án ná."

Raili fi ìka kàn án. Kò sí nǹkan kan.

"Ó kan Bàbá Àgbà."

Raili fa ọkọ rẹ̀ létí. Ó sì fà á dáadáa.

"Yéè!"

"Ṣé iná ta yín?"

"Rárá o," ni Taisto wí. "Ìyàwó mi ni."

Senni ro ọ̀rọ̀ náà. Ó dijú pinpin, ó na ìka kékeré kan. Ìka kan ìka. Ó la ojú kan. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló rọ́ lu àyà ìyá àgbà rẹ̀ tòun ti bàtà yìnyín, ó ki imú tútù bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Raili dì í mú gírígírí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Taisto ti ń yọ́ lọ sídìí àtẹ̀gùn. "Ẹ jẹ́ n lọ yí i padà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Raili wí láti orí ilẹ̀. "Ó di ìgbà tí wọ́n bá lọ. Láti oṣù kọkànlá lèmi ti ń sunkún. Ó ti wá kan fèrèsé."