Ọ̀nà Tó Wọ Ọgbà Oyèbámijí

Kọ́kọ́rọ́ ti wọ inú àgádágodo, yíyí ló kù, ni Sàní bá fà á yọ. Ó kígbe sí awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò ṣí.

Irọ́ gbuu ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi epo pa á láàárọ̀.

Àgádágodo yẹn ló ń ṣọ́ ibi tí ẹ̀ka kan ti yà kúrò lára ojú irin ńlá, tó wọ inú ọgbà ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ Oyèbámijí lọ, lẹ́yìn ìlú Ìlọrin. Ọjọ́ kan náà ni Oyèbámijí àti Sàní jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ọkọ̀ kò rìn dáadáa mọ́, Oyèbámijí kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń lọ àgbàdo fún oúnjẹ adìyẹ. Sàní fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó ní ta ló ń fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó lọ ní ojú irin tirẹ̀, ó sì kọ́lé sí GRA. Ẹni tó dúró ló ń ṣí àgádágodo fún un. Ìlara ni, kí n má purọ́. Bí Oyèbámijí bá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ńṣe ló máa ń dà bí èébú létí rẹ̀.

Àgbàdo Oyèbámijí ló kún inú wágọ̀nù mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Bí wọn kò bá já wọn sílẹ̀ níbí, ó di Jẹ́bà, ó sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà. Èyí tó kù nínú ilé-iṣẹ́ náà kò ju ti ọjọ́ kan lọ. Sàní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi fa kọ́kọ́rọ́ yọ gan-an nìyẹn.

Abdulqudus, awakọ̀ náà, bọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní òòlù, òun á fọ́ àgádágodo náà. Ibẹ̀ ni Oyèbámijí ti jáde nínú ọgbà. Sàní ti múra ìjà sílẹ̀, èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ Oyèbámijí kò tilẹ̀ wo ibi tí àgádágodo wà.

"Má fọ́ ọ," ló sọ fún awakọ̀. "Sàní ló yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ní kò ṣí, kò ṣí nìyẹn."

Ó pe Rokibat, máníjà rẹ̀, lórí fóònù, pé bí wọ́n bá ti lọ àgbàdo tó kù tán, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá yíjú sí Sàní, ó ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, irin ni, irin a máa dípẹtà. Ó sì ń lọ.

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Sàní ń wo ẹ̀yìn Oyèbámijí. Ní gbogbo Ìlọrin, kò rántí ẹlòmíì tó lè ti ilé-iṣẹ́ pa nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun lásán. Ìyàwó òun gan-an á kọ́kọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti pẹ́ tó ti ń ka ohun tí ọkùnrin yìí ní. Kò mọ̀ pé òun náà ní nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ òun, àfi ìgbà tó fi irọ́ ná an tán.