Ẹni Tó Ta Gìtá Orin Kẹrin

Ẹnjiníà tẹ bọ́tìnnì kan, ìlù dákẹ́. Ó tẹ òmíràn, ohùn olórin dákẹ́. Nígbà tó tẹ ẹ̀kẹta, gìtá nìkan ló ṣẹ́kù nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń tún àwo ṣe, ó dá wà gedegbe bí ẹni tí gbogbo ará ilé rìnrìn àjò fi sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ́tí sí ibí yìí dáadáa," ni ó wí. Ọmọbìnrin ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Wọn ò tíì bí i nígbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. "Kí gìtá tó wọlé, àwọn kan ń sọ̀rọ̀. Nínú àwo, ìlù ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ gé e kúrò, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín."

Ìka Wúrà fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ. Orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn, àfi tí inú bá ń bí i. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ariwo wáyà, ó gbọ́ ẹni tó ń fa nǹkan nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ọ̀ọ́kán.

"Ìka mi ti bó. Mi ò lè ta á mọ́. Jẹ́jẹ́, gba gìtá yìí, bá mi ta nǹkan kan sí i, ká fi di àyè mú. Màá wá ta tèmi lé e lórí lọ́la."

Ohùn kejì dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Kí ni kí n ta?"

"Ohunkóhun."

Gìtá sì wọlé. Kì í ṣe ohunkóhun ló ta. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yẹ̀ níbì kan. Ohùn àkọ́kọ́ tó ní ìka òun ti bó, ohùn Ìka Wúrà fúnra rẹ̀ ni. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni.

Ọmọkùnrin mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tí gbogbo dúkìá wọn ò ju gìtá méjì àti ìlù àyálò lọ. Wọ́n gba orin rọ́ọ̀kì mẹ́sàn-án sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pe àwo náà ní Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn, wọ́n sì rò pé àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí nìkan ló máa rà á. Ó tà débi pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò rí páálí tó láti fi dì í. Wọ́n ṣe àwo mẹ́ta sí i lẹ́yìn ìyẹn. Kò sẹ́ni tó rántí wọn, àwọn fúnra wọn ò rántí wọn tán. Àkọ́bí yìí ló kọ̀ tí ò kú. Àwọn tó ń fi fẹ́ra wọn sọ́nà nígbà náà ti fi jó níbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn. Lọ́dún tó kọjá, Ìka Wúrà pe báńkì rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kó dúró díẹ̀, orin tirẹ̀ ni wọ́n sì fi dá a dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó fẹ́ bínú, kò lè bínú dáadáa, torí gìtá náà dùn létí rẹ̀.

Gìtá inú orin kẹrin yẹn ló gbé àwo náà dé gbogbo ibi tó dé. Òun ló sọ ọkùnrin yìí di Ìka Wúrà. Òun náà ló fi ń jẹun, torí àwọn àgbàlagbà tó ń wá kọ́ gìtá nílé rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Nísinsìnyí ilé iṣẹ́ àwo fẹ́ tún un gbé jáde, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tó máa sọ ẹni tó ṣe kí ni nínú orin kọ̀ọ̀kan.

"Tún un fi sí i," ni Ìka Wúrà wí.

Ẹnjiníà tún un fi sí i. Ó tún un fi sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà yẹn ó ti yé òun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

"Bóyá ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ sì ta tiyín lé e lórí lóòótọ́."

"Mo padà wá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ta á."

Ọmọbìnrin náà wá inú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. "Kò sí ọ̀kankan níbí, Ẹ̀gbọ́n. Eléyìí nìkan ni wọ́n fi pamọ́. Òun náà ló sì wà nínú àwo."

Olórin wọn àti bàbá tó ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà ló jọ jókòó, tí wọ́n ṣa èyí tó dára jù. Bàbá ti kú. Olórin ń gbé lókè òkun, kò sì rántí ohun tó jẹ lánàá. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá wọ́n mọ ẹni tí wọ́n mú, tàbí wọ́n kàn mú èyí tó dùn.

"Ago mẹ́rin ni àwọn atẹ̀wé ń retí ojú ewé yẹn," ni ẹnjiníà wí. "Orúkọ ta ni kí n kọ síbẹ̀?"

"Fi ohùn yẹn sórí fóònù mi. Màá pè ọ́."

Ó jáde sínú oòrùn, kò sì mọ̀ pé òun ti rìn kọjá ibi tí òun gbé ọkọ̀ sí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó mọ òwe náà dáadáa, ó ti fi bá ọmọ rẹ̀ wí rí. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀hún dà? Ta ló pa á? Ẹni tó bá parọ́ á mọ̀ pé òun parọ́. Òun ò mọ nǹkan kan. Àbí òun mọ̀?

Ó rántí pé nígbà tí àwo náà jáde, tí wọ́n fẹ́ máa ṣeré káàkiri, òun jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òun ń gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo sókè, òun ń dá a padà, títí òun fi mọ ohun tí òun fúnra òun ta. Onílù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé irú èèyàn wo ló ń wo iṣẹ́ ara rẹ̀ kọ. Ó fèsì pé ohun téèyàn bá ta látọkàn, èèyàn kì í rántí rẹ̀. Ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó tilẹ̀ ń yangàn pé ohun tí òun ta le débi pé òun náà ní láti kọ́ ọ.

Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ohun tó tún wá dà á lọ́kàn rú ni ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Gìtá béèsì ni Jẹ́jẹ́ ń ta nínú ẹgbẹ́, kò sì lo oṣù kan lẹ́yìn tí àwo jáde tó fi kó ẹrù rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo wọn gbà pé ìlara ló ń dà á láàmú, Ìka Wúrà sì ti fi sínú láti ìgbà náà. Ìgbà tí wọ́n sin onílù ni wọ́n ti ríra kẹ́yìn.

Ago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé ṣọ́ọ̀bù tí Jẹ́jẹ́ ti ń tún àga ṣe. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ nídìí àga gígùn kan tó ti bó awọ rẹ̀, ìṣó kéékèèké mẹ́rin wà láàárín ètè rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i pé kó dúró, ó kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó gbójú sókè.

"Ìka, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ọpẹ́ ni. Torí pé bí mo bá rí ọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹnì kan ti lọ nìyẹn."

Ìka Wúrà ti to ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ tú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìbéèrè mìíràn tí kò rò tẹ́lẹ̀ ló jáde. "Kí ló dé tí o fi wá sílẹ̀ nígbà yẹn?"

Jẹ́jẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà. "O ò bi mí rí."

"Mò ń bi ọ́ báyìí."

"O máa fi mí rẹ́rìn-ín." Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Orin kẹrin yẹn ni. Mo gbé àwo délé, mo fi sí i fún màmá mi. Bí gìtá yẹn ṣe wọlé, màmá ní, 'Ọ̀rẹ́ rẹ yìí ò ní ẹlẹgbẹ́ o.' Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. O rántí ọjọ́ tí ìka rẹ bó, tí o ní kí n ta nǹkan sí i? Mo kàn ń táràrà kiri ni, mo ti gbàgbé ohun tí mo ta kí n tó délé. Ìwọ wá dé lọ́jọ́ kejì, o ta èyí tí o ta. Mo ní ẹni tó lè ṣe báyìí, kí lèmi ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Mo bá ara mi sòótọ́ ọ̀rọ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́."

"Kì í ṣe ìlara?"

"Ìlara kẹ̀? Gbogbo oníbàárà tó bá wọ ibí, mo máa ń sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́."

Ìka Wúrà wò yíká. Àga ló kún inú ṣọ́ọ̀bù náà dẹ́nu ọ̀nà, orúkọ àwọn tó ni wọ́n wà lára wọn, wọ́n ń dúró de ọwọ́ ọkùnrin yìí. Ọkùnrin tí ayé rẹ̀ gún ni. Ta ni òun láti wá sọ fún un pé ohun tó torí ẹ̀ yan ayé náà kò ṣẹlẹ̀ rí, pé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló dẹ́rù bà á tó sá? Bí òun bá sọ ọ́, bí òun ṣe ń fún un ní nǹkan ni òun á máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òun ò bá sì sọ ọ́, títí di òwúrọ̀ yìí àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, irọ́ ni. Ó fẹ́ kí ẹnì kan bá òun yàn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Gbé fóònù yìí sétí," ni ó wí.

Jẹ́jẹ́ gbà á, ó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìyẹn. Ariwo rẹ pọ̀ nígbà yẹn." Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní kó tún un fi sí i. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sórí àga tí kò ní awọ, ó sì gbé fóònù náà lé orúnkún rẹ̀.

"Ṣé èmi nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Màmá ò mọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Kò mọ̀ títí ó fi kú."

Fóònù náà dún lórí orúnkún rẹ̀. Ẹnjiníà ni. Ìka Wúrà gbà á, ó sọ orúkọ Jẹ́jẹ́ ní kíkún, ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í kọ. Ó rò pé ara máa tu òun lẹ́yìn ìyẹn. Ara ò tù ú. Ó wo Jẹ́jẹ́ bóyá inú rẹ̀ dùn, kò lè mọ̀, ó sì jọ pé Jẹ́jẹ́ náà ò mọ̀.

Jẹ́jẹ́ dìde. Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé gìtá ògbólógbòó kan bọ̀, ó nu eruku ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ wá ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó rí ohùn gìtá àkọ́kọ́. Kò rí ìkejì. Ìka rẹ̀ ti le, òòlù àti abẹ́rẹ́ ńlá ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì dáwọ́ dúró.

"Lẹ́yìn àkọ́kọ́ yẹn," ni ó bi í, "níbo ni mo fìka sí?"

Ìka Wúrà wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kì í ṣe àwàdà. Ó wá yé e pé nínú gbogbo àwọn tó mọ orin náà, kò sẹ́ni tó lè dáhùn tó òun. Ó jókòó tì í, ó di ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó rọra gbé e sórí okùn kẹta.

"Ibí," ni ó wí. "Ibí ni o fi í sí."