Túbà Tí Mo Fẹ́ Dá Fun

Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa túbà, inú ṣì ń bí mi. Èmi Rhoda ni mo ń fun ún nínú ẹgbẹ́ onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ayétòrò. Fèrè idẹ tó tóbi jù lọ ni, òun ló ń dún "bùm, bùm" nísàlẹ̀ orin nígbà táwọn yòókù ń ṣe fáàrí lókè. Nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun jẹ ti àtijọ́ di ajere, àwọn àgbà ní kí èmi àti Bàbá Olówòkéré, olórí ẹgbẹ́ wa, lọ ra òmíràn wá láti Èkó.

Ẹni tó ń tà á gbé méjì sílẹ̀. Ó ní èyí ńlá ló dára láàárín ọ̀pọ̀ fèrè. Kékeré ni ti ẹni tó fẹ́ dá fun ún, àmọ́ bí èémí onífèrè bá tó, ó lè bá ẹgbẹ́ fun ún náà. Èmi tí mo ti ń fẹ́ná ẹja láti kékeré, ṣé èémí ni yóò wọ́n mi? Láti ọjọ́ tí mo ti ń fun "bùm, bùm", kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo wá sí ìsìn tàbí n kò wá. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èmi nìkan lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú.

Bàbá fajú ro. Ó ní nílùú tí a ti jọ ń jẹun, tí àwọ̀n pàápàá jẹ́ ti gbogbo wa, kí lẹnì kan ń dá fun fèrè fún? N kò bá a jiyàn. Mo gbé kékeré, mo fi fun orin ìdúpẹ́ kan. Bí mo ṣe fun ún tán, Bàbá ní kí wọ́n dì í fún wa. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ ìkórè pé, mo dìde láti dá fun orin ìdúpẹ́ yẹn. Mo fun ìlà kìíní, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pa rọ́rọ́. N kò tíì fun ìkejì tán tí Bàbá Olówòkéré fi dìde tó gbé orin náà. Hánà, ìyàwó rẹ̀, gbè é. Kí n tó mí, gbogbo ìlú ti ń kọ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí pákó. Ta ló tún ń gbọ́ túbà?

Mo lọ bá a lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ rà á kí n lè dá fun ún ni."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Rhoda, ọjọ́ yẹn ní Èkó, àánú túbà yìí ló ṣe mí. Ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì lẹ́ni tó ń gbè é. Ìyẹn ni mo fi ní ká gbé e wálé."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà. Ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín náà sì ń pa mí.