Ibi Tí Ayé Gbàgbé

"Arìnrìn-àjò" ni wọ́n ń pe ọkọ mi, ẹni tí kì í kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta wa. Ilé ìdáná ló máa ń jókòó sí, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, á sì máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nípa àwọn ìlú tó fara sin, tó yẹ kéèyàn dé kó tó kú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́!

Lóṣù tó kọjá, irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Ló bá kọ nípa abúlé ìyá rẹ̀: odò tó mọ́ gaara, ilé alámọ̀, ìyá arúgbó tó ń dá gbé. Ó pè é ní "ibi tí ayé gbàgbé." Àwọn òǹkàwé yìn ín títí, orí rẹ̀ wú.

Lánàá, ìyá ọkọ mi pè é lórí fóònù.

"Àwọn àlejò rẹ kún àgbàlá mi o."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé inú yín dùn, Màámi?"

"Ó dùn gan-an. Wọ́n pọnmi fún mi, wọ́n tún bá mi dí òrùlé tó ń jò. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá padà dé ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n júwe ọ̀nà ibí fún ọ."